Igi Ìwọ̀n Méjì Lára Ògiri Kan

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta

Nọ́ọ̀sì ojú ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. "Bàbá, lójoojúmọ́, ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ ò rí." Mo bi í pé báwo ni èèyàn ṣe ń kọ ohun tí kò rí sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣáà máa kọ ọ́.

Ó dáa. Lónìí mo rí ìwé yìí, mo rí pẹ́ńsùlù. N ò rí àwọn ìlà inú ìwé náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé.

Ó ní awọ kan ló ń bo ojú méjèèjì, tọ̀tún ló burú jù. Wọ́n lè ṣí i kúrò. Kí n padà wá ní ìparí oṣù. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbọ́, ìyàwó mi pàápàá. Bíríkìlà tí kò ríran, ta ló máa gbéṣẹ́ fún un?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Iṣẹ́ dé. Ọgbà ẹ̀yìn ilé ìwé, ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá sókè, igba ìgbésẹ̀ ní gígùn, gbọọrọ bí okùn, kò sí ẹnu ọ̀nà kankan láàárín. Agbaṣẹ́ṣe fẹ́ kó parí kí òjò tó dé. Èmi àti Jẹ́jẹ́ ló pè.

Ó bi wá pé kí ló dé tí wọ́n ń pe èmi ní Wàràwàrà, tí wọ́n sì ń pe ẹnì kejì mi ní Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ló dá a lóhùn, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

"Ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ ló sọ wá lórúkọ. Tó bá fẹ́ mọ ògiri, á fi ẹnì kan sí igun kan, á fi ẹnì kejì sí igun kejì, á wá kan èèkàn mọ́lẹ̀ láàárín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló borí. Ẹni tó bá kẹ́yìn á máa fọ irinṣẹ́ ẹnì kejì fún oṣù kan gbáko. Ẹ bi í léèrè ẹni tó fọ irinṣẹ́ jù."

"Èmi kọ́," ni mo wí.

"Òun kọ́ lóòótọ́. Ó ń sáré, èmi ń tún un ṣe."

Agbaṣẹ́ṣe pàtẹ́wọ́. Ó ní ká tún ṣe é bẹ́ẹ̀, òun á fẹ́ wò ó. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó wà níkùn rẹ̀: ilé alájà mẹ́rin ń bọ̀ lẹ́yìn òjò, iṣẹ́ ọdún méjì, ọ̀gá bíríkìlà kan ṣoṣo lòun sì fẹ́. Ògiri yìí ló máa sọ ẹni tó jẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà yọ eyín.

Ọjọ́rú, 4

A kan èèkàn. Jẹ́jẹ́ ti gé igi ìwọ̀n sílẹ̀, ó ti fi ọ̀bẹ fá ojú mẹ́wàá sí i lára, ojú kan fún orí ìlà búlọ́ọ̀kù kan. Ó ní tí mo bá fẹ́ lò ó kí n wá yá a. Mo ní ta ló fẹ́ máa rin igba ìgbésẹ̀ lọ bọ̀ bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọ nù?

Ọ̀gá wa ì bá bú wa. Igi kan, ògiri kan, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Àmọ́ ìdíje ni ìdíje. Mo gbé igi tèmi ti tirẹ̀, mo fá ojú mẹ́wàá sí tèmi náà, lábẹ́ òrùlé ilé ìwé níbi tí òkùnkùn díẹ̀ wà. Kí n jáde sí oòrùn ni ì bá dáa, àmọ́ Jẹ́jẹ́ wà níbẹ̀, n ò fẹ́ kó rí bí mo ṣe ń gbé imú ti igi bí ajá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Mo ń lọ bí iná. Mo fi ìgbésẹ̀ mẹ́fà ju Jẹ́jẹ́ lọ. Obìnrin tó ń pò sìmẹ́ǹtì fún mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Yanrìn, ní òun ò tíì rí àgbàlagbà tó ń sáré báyìí láìjẹ́ pé olówó èlé ń lé e.

Ohun tí mo rí: gbogbo nǹkan, láàárọ̀, nígbà tí oòrùn wà lẹ́yìn mi. Ohun tí n ò rí: okùn tá a nà kí ìlà búlọ́ọ̀kù lè gún, láti ọ̀sán lọ. Oòrùn á bọ́ sí mi lójú, okùn á sì di àwátì. Ọmọ ìka ni mo fi ń wá a.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Sìmẹ́ǹtì tún ti gbówó lórí. Agbaṣẹ́ṣe ń pariwo lórí fóònù láti àárọ̀, bí ẹni pé àwa la ń lọ̀ ọ́.

Jẹ́jẹ́ ń sáré. N ò purọ́. Jẹ́jẹ́ tó máa ń mu tíì fún wákàtí kan, ó ti lé mi bá. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?

Ọjọ́bọ̀, 12

"Ọ̀gá Wàrà, òkè ni okùn wà o," Ìyá Yanrìn ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti to búlọ́ọ̀kù mẹ́ta láìwo okùn. Mo ní mo mọ̀, mo kàn ń dán nǹkan kan wò ni. Ó ní, "Ẹ kú ìdánwò o." Obìnrin yìí, n ò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ tí kò yé mi.

Bí mo ṣe dé láàárọ̀, ojú ẹsẹ̀ wà lára yanrìn mi. Mo kúnlẹ̀ wò ó dáadáa. Bàtà ọ̀tún ní ègé táyà tí wọ́n kàn mọ́ ọn nísàlẹ̀. Jẹ́jẹ́ nìkan ló ń wọ bàtà onítáyà níbi iṣẹ́ yìí. Apá ọ̀tún ni mo sì fi igi ìwọ̀n mi tì sí lánàá, mo dájú, apá òsì ni mo ti bá a.

Kí ló ń fi igi mi ṣe? Ọgbọ̀n ọdún ó lé tá a ti jọ wà, kò gba ìṣó lọ́wọ́ mi láìtọrọ rí. Àmọ́ ilé alájà mẹ́rin kì í ṣe ìṣó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

A jọ jẹ búrẹ́dì lábẹ́ igi. Mo ní, "Jẹ́jẹ́, ilẹ̀ ti ń tètè mọ́ bá ọ báyìí o."

Ó ní, "Oorun ò kùn mí mọ́."

"O ò sì ṣìnà bí o bá ń bọ̀ láàárọ̀?"

Ó bu búrẹ́dì sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, ó ń wò mí. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé ṣé ara mi le. Mo ní ó le. Ó ní kò burú, ó dìde lọ sídìí ògiri rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ ṣe èèyàn ní ibi kì í béèrè ara onítọ̀hún. Àbí bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn? Mo gbé igi ìwọ̀n mi wálé lálẹ́ yìí. Mo fi aṣọ dì í bí ẹni gbé ẹran pamọ́. Ó ti sú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Àṣírí ti tú.

Ìyàwó mi rí igi náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Aránṣọ ni, ojú rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ó gbé e síwájú fèrèsé, ó ní, "Bàbá wa, ta ló gé èyí? Àbí eku ló jẹ ẹ́?"

Mo ní èmi ni. Ó mú tépù rẹ̀, ó ń wọn ojú kan sí èkejì. Ojú kìíní dáa. Láti ìkejì lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi irun díẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, tó bá jẹ́ ẹyọ kan, kò tó nǹkan, àmọ́ nígbà tó fi máa dé ìkẹwàá, ó ti di ìka méjì. Ó túmọ̀ sí pé ìlà tó wà lókè pátápátá lára ògiri mi fi ìka méjì ga ju ti Jẹ́jẹ́ lọ. Tá a bá pàdé níbi èèkàn, àtẹ̀gùn la máa rí níbẹ̀.

Mo jókòó. Ó lọ sínú yàrá, ó mú ìwé yìí wá, ó gbé e lé mi lórí itan.

"Láti ọjọ́ kẹta ni mo ti kà á. Lẹ́tà tó tóbi tó báyìí, ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì gan-an á kà á. Ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ fún mi?"

Mo ní n ò mọ̀. Ó bú mi, mo gbà. Ó sunkún díẹ̀, èmi náà sunkún. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: òun ló fi omijé lójú mú igi tuntun wá láti ẹ̀yìnkùlé, tó fi tépù sàmì sí i, èmi mú ọ̀bẹ, òun di ọwọ́ mi mú síbi àmì. Ojú mẹ́wàá, ọ̀kan ò ju ọ̀kan lọ.

N ò lè wó ohun tí mo ti mọ. Gbogbo ayé ló máa béèrè ìdí. Ohun tí mo máa ṣe rèé: láti ọ̀la, mo máa dín sìmẹ́ǹtì abẹ́ búlọ́ọ̀kù kù díẹ̀díẹ̀, kí ògiri mi máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ láìjẹ́ pé ojú rí i, tó bá máa fi dé ibi èèkàn á ti bá ti Jẹ́jẹ́ dọ́gba. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Ọjọ́rú, 18

Iṣẹ́ olè nira ju iṣẹ́ olóòótọ́ lọ. Mo ń to búlọ́ọ̀kù bí ẹni ń to ẹyin. "Ṣé sìmẹ́ǹtì ti wọ́n lójú yín ni?" Ìyá Yanrìn ló bi mí. Mo ní mò ń ṣọ́ owó agbaṣẹ́ṣe. Ó ní ó mà ga o, nítorí ẹni tó ń pò fún Jẹ́jẹ́ ti ń ráhùn pé ọwọ́ òun fẹ́ já, pé Jẹ́jẹ́ ń da sìmẹ́ǹtì sábẹ́ búlọ́ọ̀kù bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn.

Ìyẹn ò jọ Jẹ́jẹ́. Ahun ni.

Ọjọ́bọ̀, 19

Òjò fẹ́ rọ̀, kò rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21

Ó ku ogún ìgbésẹ̀ fún mi. Ó ku ogún ìgbésẹ̀ fún un. Ẹ ò rí i pé ó yani lẹ́nu? Èmi tí mò ń fi ìka wá okùn, tí mò ń wọn gbogbo búlọ́ọ̀kù lẹ́ẹ̀mejì, ó yẹ kó ti fi mí sílẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbójú sókè lónìí, tí mo rí òjìji rẹ̀ lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó jókòó, kò ṣe nǹkan kan. Bí mo bá mú ọ̀kan, òun náà á dìde mú ọ̀kan.

Ṣé ó ń dúró dè mí ni? Kí ló ń dúró dè mí sí? Ṣé kò fẹ́ iṣẹ́ náà ni? Àbí àánú mi ló ń ṣe é? Tó bá jẹ́ àánú ni, mo máa fi ṣọ́bìrì fọ́ ọ lórí. Mo bi ìyàwó mi, ó ní kí n bi Jẹ́jẹ́. Bí ó ṣe máa ń dá èèyàn lóhùn nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló kù láàárín wa, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dé èèkàn; ẹ̀rù ń bà mí pé ibẹ̀ ni àṣírí ti máa tú. Èmi rán Ìyá Yanrìn lọ bu omi lẹ́ẹ̀mẹrin, omi kún ilẹ̀ gbogbo. Jẹ́jẹ́ lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìyá Yanrìn ní òun ti rí ìdíje tí wọ́n ń sáré, òun ò tíì rí èyí tí wọ́n ń sá fún.

Ọ̀la ni agbaṣẹ́ṣe ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 25

Kí n kọ ọ́ létòlétò, nítorí orí mi ṣì ń yí.

Agbaṣẹ́ṣe dé ní aago mẹ́wàá, ó dúró síbi èèkàn, ó káwọ́ gbera. Kò sí ibi àtisá sí mọ́. A to ìlà nísàlẹ̀ lọ sókè, èmi láti ọ̀tún, òun láti òsì. Ìlà kìíní pàdé, ó dọ́gba. Ìkejì, ó fẹ́ dọ́gba. Láti ìkẹta lọ mo ti ń gbọ́ tí agbaṣẹ́ṣe ń ṣe "hẹn-ẹ̀n". Nígbà tá a dé ìkẹwàá, mo na ọwọ́ kọjá, mo fọwọ́ pa á.

Ìka méjì.

Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe pé tèmi fi ìka méjì ga. Tèmi ló fi ìka méjì *kéré*! Ti Jẹ́jẹ́ ló wà lókè. Mo tún fọwọ́ pa á. Mo rò ó pé ojú ló tún ń ṣe mí, àmọ́ ọwọ́ ò ní awọ tó ń bò ó. Láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń sọ ògiri kalẹ̀ kí n lè bá a, báwo ló ṣe wá di pé òun ló ga?

"Ta ló ṣe èyí?" Agbaṣẹ́ṣe ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Èmi ni," ni mo wí.

"Èmi ni," ni Jẹ́jẹ́ wí.

A wo ara wa. Mo ní, "Ìwọ kẹ̀? Báwo?"

Ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo dúró lókèèrè, mo rí i pé ògiri rẹ ń gbókè. Mo wá láàárọ̀ kùtù, mo wọn igi rẹ. Mo rí i pé o ti fá a sódì. Mo wá gé igi tèmi tuntun kó bá tìẹ mu. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé ògiri mi sókè díẹ̀díẹ̀, kí á lè pàdé."

Èdùmàrè! Mo ní, "Èmi ti gé tèmi kó bá tìẹ mu! Èmi ń sọ̀ kalẹ̀!"

Ìyá Yanrìn fi orí bọ́kẹ́ẹ̀tì jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí tí ó fi ń lu itan. "Ẹ kọjá ara yín lójú ọ̀nà! Ẹ ò tilẹ̀ kí ara yín!"

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" mo bi Jẹ́jẹ́. Inú ń bí mi, n ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

"Kí n sọ ọ́ lójú ta? Lójú ẹni tó fẹ́ yan ọ̀gá? Ìwọ náà ń kọ́? Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Agbaṣẹ́ṣe ní òun ò lóye ohun tí à ń sọ, pé igi ẹnì kan ló kọ́kọ́ ṣì, igi ta ni? Jẹ́jẹ́ ti la ẹnu, mo rí i pé irọ́ ló fẹ́ pa. Mo yára ṣáájú rẹ̀. Orúkọ mi ni Wàràwàrà.

Mo ní, "Igi tèmi ni. Ojú mi ni. Awọ ti bò ó láti ọdún tó kọjá. N ò rí okùn tí oòrùn bá ti yí."

Jẹ́jẹ́ ní, "Mo mọ̀." Ìyá Yanrìn ní, "Èmi náà mọ̀." Kí ni mo wá ń fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí?

Ọjọ́bọ̀, 26

A wó o. Ìgbésẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níhà tèmi, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níhà tirẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe fún wa ní ọjọ́ méjì, kò sì bá wa sọ̀rọ̀. Igi kan ṣoṣo la lò, èyí tí èmi àti ìyàwó mi gé. Jẹ́jẹ́ wò ó títí, ó ní ta ló fá a báyìí, mo ní aránṣọ ni, ó ní ká gba aránṣọ síṣẹ́.

Òun ń wò, èmi ń tò. "Sókè. Díẹ̀ sí i. Ó tó." Ọwọ́ mi ṣì yá, kò sírọ́ níbẹ̀. Inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé bóyá ògiri mi ìkẹyìn rèé, ó tún bàjẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28

Ó parí. A jọ gbé búlọ́ọ̀kù ìkẹyìn, ọwọ́ mẹ́rin lórí búlọ́ọ̀kù kan, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ìyàwó. Aago mẹ́rin ni òjò bẹ̀rẹ̀, òjò gidi.

Agbaṣẹ́ṣe fi Jẹ́jẹ́ ṣe ọ̀gá. "Bàbá, ẹ má bínú." Mo ní n ò bínú. Irọ́ ni, mo bínú. Mo rò pé Jẹ́jẹ́ máa ní òun ò gbà á. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo wò ó, mo rò ó pé ṣé ẹni tó gbé ògiri rẹ̀ sókè nítorí mi náà nìyí. Nígbà tí mo délé ni mo bi ara mi pé, tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n yàn, ṣé n ò ní gbà á? Màá gbà á kí ó tó sọ ọ́ tán.

Kò yé mi. Inú mi dùn pé òun ni, inú mi bàjẹ́ pé èmi kọ́. Ìyàwó mi ní èèyàn lè ní méjèèjì nínú ikùn kan, kí n lọ wẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 30

Nọ́ọ̀sì ka ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ, ó dákẹ́ níbi tó yẹ. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣí ti ọ̀tún, ti òsì á tẹ̀ lé e. Ó ní òun ò lè ṣèlérí. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹrin

Mo lọ wo ògiri nígbà tí òjò dá. Mo fẹ́ mọ ibi tá a ti pàdé. Wọ́n ti fa èèkàn tu, ojú mi ò sì lè sọ fún mi. Mo bá di ojú méjèèjì pátápátá, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri ní igun tèmi, mo ń rìn lọ. Ó ṣì tutù. Mo ń wá ibi tí ọwọ́ mi ti máa kọsẹ̀.

Mo rìn, mo rìn, ògiri tán. Mo ti dé igun Jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ ìró omi, mo la ojú. Ó jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń fọ irinṣẹ́, tirẹ̀ àti tèmi.

Mo ní, "Ta ló ní kó o fọ tèmi? Ìwọ lo borí."

"Ta ló borí? Ta ló dé èèkàn?" Ó gbọn omi kúrò lọ́wọ́. "Tó o bá ti gba ojú rẹ, wá síbi iṣẹ́. Tó o bá gbà á, tó ò bá gbà á, wá. Èmi á máa wò, ìwọ á máa tò. Mo ti sọ fún agbaṣẹ́ṣe. Kí lò ń wá lára ògiri?"

"Ibi tá a ti pàdé."

"O ti kọjá ẹ̀ tipẹ́."

Mo jókòó tì í, mo fa ṣọ́bìrì kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì, ohun tí mo rí lónìí: Jẹ́jẹ́. Ohun tí n ò rí: ibi tí ògiri tèmi parí sí.